Wọ́n mú Fashanu ní nọ́ńbà 11: bí draft bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ṣe ń lọ, àti bí a ṣe ń díwọ̀n àwọn tí wọ́n mú

Ní alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin 2024, ní ìlú Detroit, wọ́n kéde pé New York Jets ti mú Olumuyiwa Fashanu, ọmọ Yunifásítì Penn State, ní nọ́ńbà 11. Orúkọ Yorùbá nínú irú ìròyìn báyìí kì í pẹ́ dé orí WhatsApp wa, àwọn ìbéèrè tó sì máa ń tẹ̀ lé e kì í yàtọ̀. Ẹnì kan á ní, "Èló ni wọ́n rà á?" Ẹlòmíì á ní, "Kí ló dé tí kò lọ sí kíláàbù tó lágbára ju ìyẹn lọ?" Ẹnì kẹta á wá béèrè pé, "Nọ́ńbà 11 yẹn, ṣé ó dáa àbí kò dáa?"

Ẹ jẹ́ ká dá àwọn méjì àkọ́kọ́ lóhùn kíákíá. Kò sẹ́ni tó rà á. Kò sì sí àǹfààní fún un láti yan kíláàbù. Ìbéèrè ẹnì kẹta ló gba àlàyé gígùn, nítorí pé lórí rẹ̀ gan-an ni àwọn olólùfẹ́ kíláàbù fi ń bára wọn jà lọ́dọọdún. Ohun tó ń dá ìjà náà sílẹ̀ ni pé wọ́n máa ń da nǹkan méjì pọ̀: iye tí kíláàbù fi mú ọmọ, àti bí ọmọ náà ṣe mọṣẹ́ tó. Ti àkọ́kọ́, a lè wọ̀n ọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ti ìkejì, ó di ọdún mélòó kan.

Kí ni draft?

Bọ́ọ̀lù tí à ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá. Ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu ṣóńṣó méjì ni, tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù, tí àwọn tó ń gbá a máa ń dé akoto. Líìgì rẹ̀ tó ga jù ni NFL, kíláàbù 32 ló sì wà níbẹ̀. Àwọn kíláàbù yìí kì í tọ́ ọmọ láti kékeré bí Barcelona tàbí Ajax ṣe ń ṣe. Yunifásítì ló ń bá wọn tọ́ ọ, ọmọ kò sì lè wọ NFL àfi tí ọdún mẹ́ta bá ti kọjá lẹ́yìn tó kúrò ní girama.

Draft ni ètò tí àwọn 32 wọ̀nyí fi ń pín àwọn ọmọ tó ń jáde láàárín ara wọn, kí ẹni tó lówó jù má baà kó gbogbo wọn lọ. Ẹ fi wé ìgbà tí wọ́n bá ń pín ẹran. Nílé wa, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Níbi draft, ẹni tí ìyà jẹ jù ní sáà tó kọjá ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ nawọ́, ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ ló ń mú gbẹ̀yìn. Kíláàbù 18 tí kò wọ ìpele àṣekágbá ló ni nọ́ńbà 1 dé 18. Àwọn 14 tó kù tẹ̀ lé wọn bí wọ́n ṣe ń jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí yóò fi kan ẹni tó gba Super Bowl, ìyẹn ìdíje tó kẹ́yìn tí wọ́n fi ń gba ife-ẹ̀yẹ, ní nọ́ńbà 32. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìyípo kìíní parí nìyẹn. Wọ́n á yípo lẹ́ẹ̀méje, fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

Ẹni tó bá mọ ìṣirò á ti rí i pé 32 lọ́nà 7 jẹ́ 224, bẹ́ẹ̀ ọmọ 257 ni wọ́n mú lọ́dún 2024. Gbà-má-bínú ni èyí tó lé. Kíláàbù tí àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ tó mọṣẹ́ bá parí àdéhùn wọn tí wọ́n lọ síbòmíràn lè gba nọ́ńbà kún tirẹ̀, láti ìparí ìyípo kẹta lọ. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà 129 fi lè wà nínú ìyípo kẹrin.

Bert Bell, tó ni Philadelphia Eagles, ló mú àbá náà wá nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í tẹ àwọn ọmọ gidi. Ọdún 1936 ni wọ́n ṣe èyí àkọ́kọ́. Eagles ló kọ́kọ́ mú, wọ́n mú Jay Berwanger, ẹni náà kò sì gbá bọ́ọ̀lù NFL kankan láyé rẹ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà 1 ti ń já àwọn èèyàn kulẹ̀.

Kí ló dé tí nọ́ńbà fi ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn?

Níbí ni orí ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lára, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ti dá àjọ rí ti mọ̀ ọ́n. Nínú àjọ, tó bá kàn ọ́ láti kó ní oṣù kejì, tí ẹlòmíì sì nílò owó ní kánjúkánjú, ẹ lè pààrọ̀, kó wá fi nǹkan lé e fún ọ. Nọ́ńbà draft náà nìyẹn. Dúkìá ni. Kíláàbù lè fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà míì, pẹ̀lú nọ́ńbà ọdún tó ń bọ̀, tàbí kó fi gba agbábọ́ọ̀lù tó ti dàgbà sẹ́nu iṣẹ́.

Jets ló ni nọ́ńbà 10 lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Minnesota Vikings, tí wọ́n ni 11, ń wá ẹni tí yóò máa ju bọ́ọ̀lù, wọn kò sì fẹ́ kí ẹlòmíì gba iwájú wọn. Wọ́n fún Jets ní nọ́ńbà 11, 129 àti 157. Jets fún wọn ní 10 àti 203. Vikings mú J.J. McCarthy. Jets sún ẹ̀yìn ní ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n mú Fashanu.

Ṣé wọ́n jèrè? Ìwọ̀n kan wà fún un. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí Jimmy Johnson jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Dallas Cowboys, ni wọ́n ti ní ṣáàtì tó fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Nọ́ńbà 1 ní máàkì 3,000, nọ́ńbà 10 ní 1,300, nọ́ńbà 11 ní 1,250, nọ́ńbà 32 ní 590. Àwọn kíláàbù ti ní ṣáàtì tiwọn báyìí, àmọ́ ti àtijọ́ yìí ṣì tó fún èmi àti ẹ̀yin. Jets pàdánù máàkì 50 bí wọ́n ṣe kúrò ní 10 lọ sí 11. Nọ́ńbà 129 àti 157 lápapọ̀ lé díẹ̀ ní 70. Tí a bá yọ bíi 11 ti nọ́ńbà 203 kúrò, ó ku bíi 60. Wọ́n jèrè díẹ̀, wọ́n sì tún rí ẹni tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n mú tẹ́lẹ̀ náà mú. Ọjà tó dáa nìyẹn, yálà Fashanu mọ bọ́ọ̀lù tàbí kò mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ kejì, wọ́n kó nọ́ńbà 72 àti 157 kan náà fún Carolina Panthers, wọ́n sì gba 65 láti mú Malachi Corley, asáré-gba-bọ́ọ̀lù láti Western Kentucky. Máàkì 265 ni 65, 72 jẹ́ 230: 35 ló fi jù ú lọ, wọ́n sì san bíi 30 fún un. Owó yìí náà kò wọ́n. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sórí Corley.

Àwọn olólùfẹ́ kan tún ń béèrè ìdí tí Jets kò fi mú ẹnikẹ́ni ní ìyípo kejì. Wọ́n ti ná an tẹ́lẹ̀ ni. Lọ́dún 2023, nígbà tí wọ́n ń gba Aaron Rodgers, tó ń ju bọ́ọ̀lù, lọ́wọ́ Green Bay Packers, ìyípo kejì ti 2024 wà lára ohun tí wọ́n fi san án. Tí ẹ bá ń ka àwọn tí kíláàbù mú, ẹ ka àwọn àyè tó ṣófo pẹ̀lú, ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n fi ra.

Owó wo ni ọmọ náà ń gbà?

Ṣáájú 2011, ọ̀rọ̀ owó burú. Sam Bradford, nọ́ńbà 1 lọ́dún 2010, tọwọ́ bọ àdéhùn ọdún 6 ní mílíọ̀nù dọ́là 78, mílíọ̀nù 50 nínú rẹ̀ kò sì ṣeé yẹ̀. Kò tíì gbá bọ́ọ̀lù kan nínú NFL. Líìgì àti ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù wá jókòó, wọ́n fi òǹtẹ̀ lu iye tó yẹ fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, Cam Newton, nọ́ńbà 1, gba mílíọ̀nù 22 fún ọdún 4.

Láti ìgbà náà, ọdún mẹ́rin ni gbogbo ẹni tí wọ́n bá mú ń fọwọ́ sí, nọ́ńbà ló sì ń sọ iye rẹ̀. Fashanu ń gba bíi mílíọ̀nù 20 fún ọdún mẹ́rin náà lápapọ̀. Ẹni tó wà lókè pátápátá nínú irú iṣẹ́ tirẹ̀, tó ti pẹ́ níbẹ̀, máa ń gba ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ọdún kan ṣoṣo. Èrè draft wà níbẹ̀: kíláàbù á máa lo òṣìṣẹ́ ńlá ní owó kékeré fún ọdún mẹ́rin, á sì fi owó tó kù gba ẹlòmíì. Ìdí kan náà ni wọn kì í fi fẹ́ mú asáré-gbé-bọ́ọ̀lù ní ìyípo kìíní. Irú wọn kò wọ́n lọ́jà, èrè ibẹ̀ kéré.

Kí la lè rí lára ọmọ ṣáájú?

Ní ìparí oṣù Kejì sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, wọ́n máa ń kó bíi 300 ọmọ lọ sí ìlú Indianapolis kí àwọn kíláàbù lè yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n á sáré yáàdì 40, ìyẹn bíi mítà 36 àti ààbọ̀. Wọ́n á fo sókè, wọ́n á fo síwájú, wọ́n á gbé irin tó wúwo tó kílò 102 léraléra títí yóò fi sú wọn. Wọ́n á wọn gíga, apá, àtẹ́lẹwọ́. Tẹlifíṣọ̀n ń gbé gbogbo rẹ̀ sáfẹ́fẹ́, ìyẹn ni ojú àwọn olólùfẹ́ fi ń wà lára rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Wọ́n wọn àtẹ́lẹwọ́ Fashanu, wọ́n ní íńṣì 8 àti ààbọ̀ ni, fún ẹni tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íńṣì 6. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ó kéré. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ kó tó di iṣẹ́ ọwọ́: tí ẹsẹ̀ ò bá tètè dé ibi tó yẹ, ọwọ́ tó gbòòrò bí àwo kò lè ran án lọ́wọ́. Tom Brady sáré yáàdì 40 náà ní ìṣẹ́jú-àáyá 5.28 lọ́dún 2000, wọ́n mú un ní nọ́ńbà 199, ó sì gba Super Bowl méje. Xavier Worthy sá a ní 4.21 lọ́dún 2024, kò sẹ́ni tó yá tó bẹ́ẹ̀ rí níbẹ̀. Síbẹ̀ ọmọ 27 ni wọ́n ti mú kí Kansas City Chiefs tó mú un ní nọ́ńbà 28.

Ohun tó ń gbé ọmọ sókè tàbí tó ń já a lulẹ̀ jù ní Indianapolis ni àyẹ̀wò dókítà, èyí tí ẹ̀yin àti èmi kò ní rí. Tí ẹ bá rí ọmọ tí gbogbo ayé ń pè ní ọlọ́jà tó ń jábọ́ láti ìyípo dé ìyípo, ẹ kọ́kọ́ fura sí orúnkún, ẹ̀yìn tàbí èjìká.

Ibi tí òtítọ́ pọ̀ sí jù ni fídíò àwọn ìdíje rẹ̀ ní yunifásítì. Ẹ má wo àwọn àgékù tó dùn. Ẹ wo ìdíje kan látòkèdélẹ̀, pàápàá èyí tó gbá pẹ̀lú àwọn tó lágbára, kí ẹ tẹjú mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje títí dé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kẹ́yìn, nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́.

Kí ló dé tí àwọn olólùfẹ́ Jets fi bínú?

Brock Bowers wà nílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó tíì mú un. Ọmọ Yunifásítì Georgia ni, ó ń gba bọ́ọ̀lù bí ẹni tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù sí lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ Jets ló fẹ́ ẹ. Las Vegas Raiders mú un ní nọ́ńbà 13, ó sì gba bọ́ọ̀lù 112 ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀. Kò sí ọmọ tuntun kankan tó gba iye bẹ́ẹ̀ rí nínú NFL.

Fashanu ńkọ́? Left tackle ni. Ẹ jẹ́ ká túmọ̀ ìyẹn. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń pè ní quarterback, tó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń kọ sí apá òsì nígbà tó bá fẹ́ jù ú. Ẹni tó bá gba apá òsì wá, kò ní rí i kó tó kàn án lára. Left tackle ni ìlẹ̀kùn apá náà. Tó bá ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ẹ ò ní gbọ́ orúkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje títí dé òpin. Ta ló ń pàtẹ́wọ́ fún ìlẹ̀kùn?

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2023. Rodgers, tí Jets fi ohun púpọ̀ gbà, wọ pápá fún ìgbà àkọ́kọ́, ìgbà kẹrin tí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún un, iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ já. Sáà náà bàjẹ́. Nígbà tó di draft 2024, ó ti pé ẹni 40 ọdún. Left tackle tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, Tyron Smith, ti lé ní 30, ó sì máa ń fara pa. Ẹni tí ògiri rẹ̀ ti wó lẹ́ẹ̀kan kì í ra àga ìjókòó kó tó ra búlọ́ọ̀kù.

Àríyànjiyàn náà, nígbà náà, jẹ́ láàárín ẹni tó mọṣẹ́ jù nínú àwọn tó kù àti ẹni tí ilé nílò jù. Èrò tèmi ni pé Jets kò ṣìnà. Ẹni tó bá ń fi bọ́ọ̀lù 112 bú wọn, kó wo Raiders: wọ́n ní Bowers, ìdíje 4 péré ni wọ́n borí nínú 17. Jets borí 5. Kò sí ọmọ tuntun kan tó lè dá ru kíláàbù tó ti wọ́, àfi quarterback, òun náà kì í sì í dájú.

Ìgbà wo la lè dájọ́?

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì draft, àwọn oníròyìn á ti máa fún kíláàbù ní máàkì A, B tàbí D. Kò tíì sí ẹnì kan nínú àwọn ọmọ náà tó ti wọ aṣọ kíláàbù. Máàkì yẹn kàn ń sọ bí kíláàbù ṣe bá ìwé oníròyìn náà mu ni.

Ìdíwọ̀n àkọ́kọ́ tó nítumọ̀ ni ìparí oṣù Kẹjọ. Èèyàn 90 ló ń wà ní àgọ́ ìgbaradì, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gé e kù sí 53. Wọ́n lè dá bíi 16 padà fún ìgbaradì nìkan. Ọmọ ìyípo kìíní kì í jáde níbẹ̀. Ọmọ ìyípo keje, ẹ bá a gbàdúrà.

Ẹ wá wo àwọn méje tí Jets mú lọ́dún 2024:

Jaylen Key, nọ́ńbà 257, ẹni ìkẹyìn pátápátá nínú draft, kò la oṣù Kẹjọ kọjá. Àmọ́ Brock Purdy náà ni ìkẹyìn lọ́dún 2022, ní nọ́ńbà 262, kò sì pé ọdún méjì tó fi gbá Super Bowl fún San Francisco.

Jordan Travis, nọ́ńbà 171, ti ṣẹ́sẹ̀ ní yunifásítì ní oṣù Kọkànlá 2023. Ìyẹn ló sọ ọ́ di olówó pọ́ọ́kú. Ẹsẹ̀ náà kò jinná dáadáa, ó fẹ̀yìn tì ní oṣù Kẹrin 2025 láìgbá ìdíje kan.

Qwan'tez Stiggers, nọ́ńbà 176, kò gbá bọ́ọ̀lù yunifásítì rárá. Toronto Argonauts ní Kánádà ló ti wá. Ó la ìgégé oṣù Kẹjọ kọjá. Braelon Allen, nọ́ńbà 134, ẹni 20 ọdún, gba góòlù méjì wọlé nílé Tennessee ní ìdíje kejì rẹ̀. Isaiah Davis, nọ́ńbà 173, náà wọ inú 53.

Corley wá ńkọ́? Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 2024, ó gbé bọ́ọ̀lù sáré dé ẹnu ìlà góòlù àwọn Houston Texans, ayọ̀ sì mú un ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kó tó kọjá ìlà náà. Wọ́n fagi lé góòlù náà. Ní oṣù Kẹjọ 2025, Jets lé e. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ọjọ́ yẹn nìkan ló lé e, kò rí ìdíje gbá tó. Lékè rẹ̀, wọ́n ti lé akọ́nimọ̀ọ́gbá Robert Saleh ní oṣù Kẹwàá 2024, wọ́n lé Joe Douglas tó ń yan agbábọ́ọ̀lù ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ọ̀gá tuntun kì í gbọ̀n jìnnìjìnnì lórí ọmọ tí ọ̀gá àná yàn. Owó tí wọ́n fi mú Corley kò wọ́n, a ti sọ bẹ́ẹ̀. Ọjà olówó pọ́ọ́kú lè má jẹ́ ọjà gidi.

Fashanu bẹ̀rẹ̀ lórí àga ìdúródè. Ọrùn tó ń dun Tyron Smith fún un láàyè ní oṣù Kọkànlá, ó gba apá òsì, kí ẹsẹ̀ tiẹ̀ náà tó dun ún ní oṣù Kejìlá. Láàárín sáà kan náà, wọ́n ti gbé e sí apá ọ̀tún, wọ́n tún gbé e sí àárín. Ọ̀pọ̀ rí ìyẹn bí àmì pé kò ní àyè kan pàtó. Èmi kà á sí àmì rere: wọn kì í gbé ẹni tí kò mọṣẹ́ káàkiri, wọ́n máa ń gbé e jókòó ni. Lọ́dún 2025, wọ́n fi apá òsì lé e lọ́wọ́, wọ́n sì mú Armand Membou ní nọ́ńbà 7 fún apá ọ̀tún.

Ṣé ọmọ tó wà nílé lè dé ibẹ̀ láì gba yunifásítì Amẹ́ríkà?

Ó ṣeé ṣe, kò rọrùn. Láti 2017 ni NFL ti ní ètò kan fún àwọn elére ìdárayá láti òkè òkun. Jordan Mailata, ọmọ Ọsirélíà tó ń gbá rọ́gíbì, gba ibẹ̀, Philadelphia sì mú un ní nọ́ńbà 233 lọ́dún 2018. Òun ló di left tackle wọn. Kehinde Oginni Hassan láti Nàìjíríà gba ètò kan náà dé Kansas City Chiefs lọ́dún 2023 láì gba draft kọjá, nítorí pé ẹni tí wọn kò bá mú lẹ́yìn ìyípo méje lómìnira láti bá kíláàbù tó bá pè é sọ̀rọ̀. Ẹni náà ń yan kíláàbù tó wù ú. Fashanu kò ní irú àǹfààní yẹn ní nọ́ńbà 11.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ tí Jets fúnra wọn máa sọ èrò wọn nípa rẹ̀ ní gbangba, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún 2027 ni. Kíláàbù ló ni ẹ̀tọ́ láti fi ọdún karùn-ún kún àdéhùn ọmọ ìyípo kìíní, lẹ́yìn sáà rẹ̀ kẹta sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ bóyá wọ́n fẹ́ tàbí wọn kò fẹ́. Owó ọdún karùn-ún náà fi púpọ̀ ju ti ọdún kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ.